Ojúlé Kẹrìnlá Tí Mo Fò

Mushin,
Àárọ̀ Túsìdè.

Títílọlá ọmọ mi, Àjíkẹ́ ọkọ mi,

Má jẹ́ kí àyà ẹ já tí o bá rí ìwé yìí. Kò sẹ́ni tó kú. Ara mi le, àbúrò ẹ náà wà dáadáa, òun ló máa gbé e wá fún ẹ. Mo mọ̀ pé láti Mushin sí Yaba kò ju pé kí èèyàn wọ mọ́tò kan lọ, mo sì mọ̀ pé o máa sọ pé, "Kí ló ṣe Màmi tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí mi bí ẹni pé mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù?" Ohun tó fà á ni pé ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Ọwọ́ mi lè kọ ọ́. Láti kékeré ló ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Má fi ìwé kíkọ mi rẹ́rìn-ín o. Ìwé kejì nílé ìwé Mọ́dà ni mo ti dúró, o mọ̀.

O rántí Sọ́ńdè. O gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fún ẹ níbi iṣẹ́ tuntun wá fún wa wò, ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú tí o ní ó ń gbọ́ràn látọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì lókè, tó lè sọ ibi tí èèyàn dúró sí gẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ ayé. O dúró sí àárín àgbàlá, o nà án sókè, o ní kí a ní sùúrù, ó ń wá ojú ọ̀run. Ìyá Kúdí tó ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ní, "Títí, ṣé fóònù àwọn áńgẹ́lì nìyẹn? Bá mi bi wọ́n ibi tí ọkọ mi sùn lánàá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ẹ̀rọ, tí o yíjú sí mi pé, "Màmi, ibi tẹ́ ẹ wà rèé," òtútù mú mi nínú oòrùn.

A wọlé jẹun. O wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi: pé ọ̀fíìsì yín ń ya máàpù láti Yaba títí dé Mákòókò, kí àwọn tó fẹ́ ri páìpù omi, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn lè mọ ibi tí èèyàn wà, kí wọ́n má máa ṣe iṣẹ́ bí afọ́jú. O ní o wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ò ń lọ láti ilé dé ilé láàárín àwọn ilé tó dúró sórí òpó nínú omi, o kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ wá wò ó, ó ní kí o yọ wọ́n kúrò. Ó ní, "Ilé tó wà lórí omi ò ní ilẹ̀. Ohun tí ò ní ilẹ̀ ò ní ojúlé. Yọ wọ́n, fọwọ́ sí i, kó dé orí tábìlì mi ní Fúráìdè." O ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán ẹ wò, kò tíì pé. O bi mí pé, "Màmi, ṣé kí n fọwọ́ sí i?"

Mo ní, "Jẹun jàre, ẹ̀bà ń tutù."

Ẹ̀bà ò tutù, Àjíkẹ́. Èmi ni mo tutù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nílé ní Sọ́ńdè, orí ọmọ sì wọ́, àgbà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bà. Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń bẹ̀rù. Lánàá níbi tí mo ti ń tajà ní Tẹ́júoṣó, obìnrin kan ní kí n fún òun ní bọ́tìnnì dúdú, mo ń gbé funfun fún un, ó ní, "Ìyá Títí, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Ó wà.

Mo máa sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ẹ báyìí. Ìmọ̀ràn wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ tò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, bá mi tò wọ́n.

O ò mọ̀ pé mo ti ṣe iṣẹ́ tí ò ń ṣe yìí rí. Bàbá yín ò mọ̀ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá mi ti ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí pé owó ò tó, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kàn. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Wọ́n á ní, "Káàárọ̀," màá fa ojú ro. Ìwé ẹsasáìsì kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó bá dùn mí, ohun tó bá bí mi nínú, ẹni tí mo bá ń jowú, inú ẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí lójoojúmọ́. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Eku ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan. Òun ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà yẹn, kò sí ilé tó ní nọ́ńbà ní àdúgbò wa. Tí o bá ń wá ẹnì kan, wọ́n á ní, "Dé ibi kànga, yà sọ́wọ́ òsì, bèèrè Baba Onírùngbọ̀n." Ọ̀fíìsì kan wá ní kí wọ́n kọ ojúlé sára gbogbo ilé. Ẹni tó ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ń jẹ́ Bọ̀dá Sàmú. Ó ń wá ọmọ tó mọ̀wé díẹ̀ tí ò sì wọ́n, ó bá rí mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣíwájú, kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, kí n kọ orúkọ onílé àti iye èèyàn inú ilé sínú ìwé. Àwọn ọlọ́dà á máa bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á fi ọ̀dà kọ ohun tó bá wà nínú ìwé mi. Ohun tí ò bá sí nínú ìwé mi, wọn ò ní kọ ọ́. Ká tó parí iṣẹ́, ìwé yẹn ti di àdúgbò. Àdúgbò fúnra ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ lásán ni.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbà á. Bọ̀dá Sàmú ní kí n máa kọ àmì tí èèyàn fi lè mọ ilé mọ́ nọ́ńbà ẹ̀. Mo bá kọ ọ́ sí ilé kan pé, "Ilé tó kọjú sí lọ́rì tó ti kú." Lọ́rì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Koríko ti hù nínú ẹ̀, adìyẹ ń yé sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olówó ẹ̀ mú mẹkáníìkì wá. Ó jí. Wọ́n wà á lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́dà ò rí ilé, Bọ̀dá Sàmú wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òkú lo fi ṣe àmì. Òkú ti jí dìde, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Kí la fẹ́ ṣe báyìí, ká máa sáré tẹ̀ lé e?"

Nítorí náà, mi ò bá ẹ̀rọ ẹ jà. Ó dáa kí nǹkan wà tó lè sọ ibi tí ilé wà tí igi bá wó, tí lọ́rì bá lọ. Ṣùgbọ́n má gbé nọ́ńbà nìkan lọ fún wọn. Kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà lè gbé ọkọ̀ aláìsàn dé àdúgbò, àmọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣì máa bọ́ sílẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé ta nìyí?" Kí ó ní orúkọ kan lẹ́nu.

Èkejì. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. O ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù dání máa ń gbàgbé ilé tó ti jáde. Èmi náà gbàgbé. Mo wọ ilé kan, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ìyẹn gbé ojú sókè níbi tó ti ń ṣan ìkòkò: "Mélòó ni ìyá tìẹ bí? Ṣé o ti rí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ni?" Ó da omi ìkòkò sí mi lẹ́sẹ̀. Ilé kejì, wọ́n ní, "Ọlọ́run ló mọye wọn." Ẹ̀rù omi ṣì ń bà mí, mi ò bèèrè mọ́, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà: Ọlọ́run ló mọ̀. Mo kọ ọ́ fún ilé mẹ́fà. Bọ̀dá Sàmú ka ìwé náà, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, ìwọ ló máa lọ bi Ọlọ́run léèrè, kí o mú èsì wá fún mi kí n tó mu ẹ̀kọ."

Ìyá àgbà kan ló kọ́ mi ní ọgbọ́n ẹ̀. Ó ní, "Má bi wọ́n ní ọmọ. Bi wọ́n pé tí oúnjẹ bá jinná, abọ́ mélòó ni wọ́n ń bù ú sí." Mo dán an wò. Ẹni tí ò lè sọ iye ọmọ, kíá ló máa sọ iye abọ́: "Abọ́ mẹ́sàn-án! Ìwọ wo iṣẹ́ ń pa mí!" Wọ́n á tún rojọ́ abọ́ tó tóbi jù fún ẹ. Abọ́ kì í ṣe ọmọ, ẹnikẹ́ni ò lè fi ibi kan ọmọ tipasẹ̀ abọ́. Tí o bá padà lọ sí Mákòókò, ọ̀nà tí wọn ò fi ní bẹ̀rù ẹ ni kí o bá wọn gbà. Ẹni tó ń bẹ̀rù ò ní sọ òótọ́ fún ẹ, ìwọ á sì kọ irọ́ sílẹ̀ bí òótọ́.

Mo ti ń rìn yí ohun tí mo fẹ́ sọ ká. Ó yá.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mí. A jọ wọ Mọ́dà lọ́jọ́ kan náà ni. Wọ́n yọ mí, òun ń bá a lọ. Lọ́jọ́ tí a dé òpópónà ilé wọn, mo gbé ṣọ́ọ̀kì dání, eruku bò mí dé orúnkún. Òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ń bọ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì!" Àwọn mẹ́ta yẹn rẹ́rìn-ín. Bóyá kò tiẹ̀ fi ìkà sí i. Bóyá eré ló ń ṣe. Mo da ohun tí mo kọ sínú ẹsasáìsì lọ́jọ́ náà kọ fún ẹ bó ṣe wà:

"Inú ń bí mi. Inú ń bí mi gan-an. Rẹ̀mí pè mí ní Àǹtí Ṣọ́ọ̀kì. Yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ funfun bíi lékeléke, èmi dà bí adìyẹ tó yí nínú eérú. Ta ló fẹ́ràn mi láyé yìí? Kò sí. Mo ti fo ilé wọn. Mo kọ kẹtàlá sí ilé Alhájì, mo gba iwájú ilé wọn kọjá bí ẹni pé igbó ni, mo kọ kẹrìnlá sí ilé Baba Télọ̀. Kí wọ́n wà láìní ojúlé. Kí wọ́n máa wò. Ó dùn mọ́ mi."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ méjìlá lèèyàn fi ń gba iwájú ilé wọn kọjá.

Nígbà tí àwọn ọlọ́dà ti lọ, Ìyá Rẹ̀mí rí mi lọ́nà. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, wọn ò kọ tiwa." Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀ ma, wọ́n ń bọ̀ wá kọ tiyín." Ọkọ ẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ò bá ní ojúlé, owó orí ò ní mọ ilé ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ronú pé nǹkan ti tán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni onígbáméjì wọ àdúgbò. O mọ àìsàn yẹn, èyí tó ń mú kí èèyàn máa yàgbẹ́, kó sì máa bì títí omi ara á fi tán. Àwọn elétò ìlera wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Kí èèyàn má baà ti ara wọn pa, ìwé ojúlé wa ni wọ́n lò. Wọ́n ti pín káàdì fún ojúlé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn inú ilé. Tí wọ́n bá pe ojúlé ẹ, o máa gbé káàdì síwájú, wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bá wọn gbé omi tí wọ́n fi ń fọwọ́. Ìyá Rẹ̀mí tò ó dé iwájú pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì ò gbójú sókè.

"Ojúlé kélòó?"

"Wọn ò kọ ọ́ sí wa lára ilé, sà. Àwa la tẹ̀ lé kẹtàlá."

"Kẹrìnlá nìyẹn. Kẹrìnlá ti gbabẹ́rẹ́ tiwọn."

"Ta ló gbà á? Àwọn ọmọ mi rèé!"

"Màmá, èmi ò mọ̀ yín. Ìwé ni mo mọ̀, ìwé kì í purọ́. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá kù, a máa pè yín."

Obìnrin kan lẹ́yìn ti pariwo: "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ yà fún àwọn tó nílé! Àbí orí igi lẹ ń gbé?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mí yíjú, ó rí mi. Ó ní, "Ṣèbí ìwọ lo kọ ọ́. Sọ fún wọn."

Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. "Mo fò wọ́n." Ká ní mo sọ ọ́ ni, akọ̀wé á gbé bírò, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, ó parí. Bọ̀dá Sàmú dúró nítòsí. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, ó máa lé mi, màá tún padà sílé láti máa jókòó lásán. Mo rò ó pé gbogbo èèyàn máa mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo wo inú garawa omi. Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o."

Abẹ́rẹ́ tán kó tó kàn wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì pé tí àìsàn fi wọ ilé wọn. Ìyá Rẹ̀mí bọ́ nínú ẹ̀. Àwọn kékeré bọ́. Rẹ̀mí ò bọ́.

Mo ṣí ẹsasáìsì mi sí ọjọ́ náà. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mi ò sì kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ì bá má ràn án lọ́wọ́, pé ó ti pẹ́ jù. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tù mí nínú rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúkọ wọn yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì sí, ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kó sí.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta, ọmọ mi: ẹni tó bá di nǹkan ìkọ̀wé mú láàárín ìlú, ẹ̀mí èèyàn ló dì mú, kódà tó bá rò pé ṣọ́ọ̀kì ni. Má bínú kọ̀wé. Má jowú kọ̀wé. Má jẹ́ kí iṣu tí wọn ò fún ẹ jẹ wọnú nọ́ńbà tí ò ń kọ. Ọ̀gá ẹ, mi ò rò pé inú ń bí i sí ẹnikẹ́ni. Bóyá ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ yá, kí máàpù ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ló máa já sí. Tí wọ́n bá fẹ́ pín omi, wọ́n máa wo máàpù, wọ́n á rí omi ọ̀sà níbi tí èèyàn ń gbé. Tí àìsàn bá dé, akọ̀wé kan tí ò mọ ẹnikẹ́ni á jókòó sídìí tábìlì, á ní ìwé kì í purọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù míì wà ńbẹ̀, mi ò ní ṣe bí ẹni tí ò rí i. O sọ fún mi pé obìnrin kan tó ń yan ẹja dá ọkọ̀ yín dúró, ó ní, "Àǹtí oníwèé, ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ yìí, ṣé dókítà ló máa gbé wá bá wa, àbí katapílà?" O ní o ò rí ìdáhùn fún un. Láti Sọ́ńdè ni èmi náà ti ń rò ó. Ìwé tó ń fi ọ̀nà han ẹni tó fẹ́ wo èèyàn sàn lè fi ọ̀nà kan náà han ẹni tó fẹ́ wó ilé. Ẹ̀rọ ẹ ò mọ ìyàtọ̀. Ó kàn ń sọ pé, ibi tí wọ́n wà rèé. Ìdí tí òtútù fi mú mi nìyẹn lọ́jọ́ tí o nà án sókè nínú àgbàlá wa.

Ìmọ̀ràn kẹrin, àbí karùn-ún ni mo wà báyìí, ni pé kí o má dá obìnrin yẹn lóhùn látọ̀dọ̀ ara ẹ. Wọ ọkọ̀ padà lọ lọ́la. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Sọ gbogbo ẹ̀ fún un, dókítà àti katapílà, má fi ọ̀kan pa mọ́. Sọ ohun tí ọ̀gá ẹ sọ. Kí o bi òun àti àwọn àgbà ibẹ̀ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ wà nínú ìwé yìí?" Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́, má fọwọ́ sí máàpù tí wọn ò sí nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ó tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n má fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé omi lásán ni. Kọ ọ́ pé èèyàn wà níbẹ̀, pé wọ́n ní kí a má kọ ilé wọn. "Wọn ò fẹ́" yàtọ̀ sí "wọn ò sí." Èmi kọ "wọn ò sí" fún àwọn tó ń mí.

Mi ò sọ pé kí o bá ọ̀gá ẹ jà. Fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀, nínú yàrá ẹ̀, kì í ṣe lójú àwọn òṣìṣẹ́. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fojú rí wọn, ọwọ́ mi ò lè sọ pé mi ò rí wọn." Tó bá ní kí ẹlòmíì fọwọ́ sí i, jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kọ ohun tí o rí sórí ìwé lọ́tọ̀, kí o fi lé e lọ́wọ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ.

Tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́? Mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ yìí tó. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní Yaba, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ́tìnnì. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa lé ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa ní Ìyá Títí ló ba iṣẹ́ ọmọ ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀rù yìí wé ohun tí mo ti ń gbé sáyà láti ìgbà Rẹ̀mí, Àjíkẹ́. Ìyà àìríṣẹ́ máa ń pẹ́, ó sì máa ń tán. Èkejì kì í tán. Bí wọ́n bá lé ẹ, máa bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀dì ẹ wà níbẹ̀. Wàá bá mi jókòó ní Tẹ́júoṣó, wàá máa ya bọ́tìnnì funfun kúrò lára dúdú títí nǹkan míì á fi yọjú.

Ó ku ohun kan. Mi ò lè ní kí ọmọ mi sọ òótọ́ ní Fúráìdè, kí èmi sì jókòó sórí tèmi. Ìyá Rẹ̀mí ò tíì kú. O mọ̀ wọ́n. Àwọn ni Màmá Àgbà tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n máa ń fún ẹ ní gúgúrú nígbà tí o wà ní kékeré. O máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè mí ní "Ọ̀rẹ́ Rẹ̀mí," mo máa ń ní oríkì ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, mò ń jẹ́ ẹ. Bí mo bá ṣàìsàn, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá kí mi.

Ọ̀sán Tọ́sìdè ni màá lọ bá wọn. Màá gbé ẹsasáìsì náà dání, màá ka ojú ewé yẹn fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹnu mi má baà dín in kù. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n lè ṣépè. Wọ́n lè dákẹ́, èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Má wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sá wá bá ẹ pé wọ́n ń pariwo lé ìyá ẹ lórí ní Mushin, jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ, jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Àbúrò ẹ ti wọ bàtà, ó ń dúró de lẹ́tà yìí. Mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ kí Tọ́sìdè tó dé, nítorí tí o bá ti kà á, mi ò ní lè yẹ̀ ẹ́ mọ́.

Èmi tí mo bí ẹ, tí ẹ̀rù ń bà, tí mo sì ń lọ,

Màmi.